Ohùn Márùn-ún Kì í Ṣe Ohùn Méje Tí Ó Dín

Ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà tí àwọn olùkọ́ fi ń kọ́ ọmọdé ní àmì ohùn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Olùkọ́ yóò kọ ọ̀rọ̀ sí ojú pátákó, yóò ní kí àwọn ọmọ pè é, yóò sì ní kí wọ́n fi dò, re, mí dípò sílébù kọ̀ọ̀kan. Igbá yóò di re-mí, ìgbà yóò di dò-dò, igba yóò di re-re, ìgbá yóò di dò-mí, igbà yóò sì di re-dò. Ọmọ tí kò tíì lè kọ orúkọ ara rẹ̀ tán yóò ti mọ̀ pé ohun tí a fi ń bu omi, àsìkò, òǹkà tí ó tẹ̀lé mọ́kàndínnígba, èso tí a ń sè jẹ àti okùn tí a fi ń gun ọ̀pẹ kò gbọdọ̀ dàpọ̀ mọ́ ara wọn. Ẹ̀kọ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n bí agogo bá lù tí ó di àkókò orin, olùkọ́ kan náà lè kọ́ àwọn ọmọ kan náà ní orin tí ó sọ ìyá di ìyà, tí ó sì sọ ìlú di ìlù, kò sì sí ẹni tí yóò bá a wí. Wọn a sì tún sọ fún àwọn ọmọ náà pé ohùn orin pé méje, do títí dé ti, àti pé orin tí kò bá lo méjèèje kò tíì pé. Àṣìṣe méjì ni èyí, wọ́n sì bá ara wọn tan.

Kò burú láti rántí ibi tí dò, re, mí ti wá. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, mọ́ńkì kan ní ilẹ̀ Ítálì, Guido ará Arezzo, ń wá ọ̀nà tí àwọn ọmọdé akọrin rẹ̀ yóò fi máa kọ́ orin tuntun láìpẹ́. Ó mú orin Látìn kan tí wọ́n fi ń yin Jòhánù Onítẹ̀bọmi, èyí tí ìlà mẹ́fà àkọ́kọ́ inú rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní ohùn tí ó ga ju ara wọn lọ ní ìtẹ̀léǹtẹ̀lé, ó sì fi sílébù tí ó ṣíwájú ìlà kọ̀ọ̀kan sọ ohùn náà lórúkọ. Mẹ́fà péré ni wọ́n nígbà náà: ut, re, mi, fa, sol, la. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni a fi ìkeje kún un, tí ut sì di do. Èyí já sí pé méje tí a ń sọ pé ó pé yìí pàápàá kò pé méje nígbà tí wọ́n bí i. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, obìnrin olùkọ́ kan ní Norwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Sarah Glover, tún ètò náà tò fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. John Curwen (1816–1880) sì gbà á, ó tún un ṣe, ó sì tàn án kálẹ̀ lábẹ́ orúkọ tonic sol-fa. Lẹ́tà lásán ni ó ń lò, kò gba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àrà ọ̀tọ̀, owó díẹ̀ ni ó sì ń ná ẹni tí ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn míṣọ́nnárì fi gbé e káàkiri Áfíríkà, tí àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ní ilẹ̀ Yorùbá fi ń ka orin láti inú rẹ̀ títí di òní.

Orúkọ lásán ni Yorùbá yá níbẹ̀. Ohun tí orúkọ náà ń tọ́ka sí ti wà nínú èdè kí ọkọ̀ òyìnbó kankan tó gúnlẹ̀. Bí ìyá àgbà tí ohùn rẹ̀ ti há, bàbá olóhùn ńlá, àti ọmọ ọdún mẹ́ta tí ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bí ti ẹyẹ bá jọ pe igbá, ibi tí oníkálukú wọn ti máa bẹ̀rẹ̀ kò ní bá ara mu rárá. Síbẹ̀ igbá ni gbogbo wọn pè, kò sì sí ẹni tí yóò ṣì wọ́n gbọ́, nítorí pé lẹ́nu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, sílébù kejì ga ju ti ìkíní lọ. Etí Yorùbá kò bìkítà fún ibi tí ohùn dúró sí; ìrìn tí ohùn rìn láti ibi kan dé ibòmíràn ni ó ń gbọ́. Àlàfo tí ó wà láàárín ohùn kan àti èkejì yìí ni ìpìlẹ̀ gbogbo ẹ̀kọ́ orin, ọmọ Yorùbá sì ti gbọ́ ọ lẹ́yìn ìyá rẹ̀ kí ó tó di pé ẹnikẹ́ni sọ orúkọ rẹ̀ fún un. Kódà, nínú ètò Curwen, do kò ní ibùgbé kan pàtó. Ibi tí akọrin bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni do, àwọn yòókù yóò sì tẹ̀lé e ní ìwọ̀n àlàfo wọn. Bóyá ìdí rẹ̀ nìyí tí ètò náà fi bá èdè yìí lára mu tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ìbáramu náà mọ. Ẹ wo gbólóhùn kékeré yìí: Kọ́lá kò kí Délé. Sílébù márùn-ún ni ó gba àmì òkè nínú rẹ̀, bí a bá sì fi dò, re, mí kọ ọ́, mí kan náà ni gbogbo wọn. Kí ẹnikẹ́ni pe gbólóhùn náà bí ó ti ń pè é nílé, kí ó sì tẹ́tí sí ara rẹ̀. Yóò gbọ́ pé méjì àkọ́kọ́, ti Kọ́lá, ga ju mẹ́ta ìkẹyìn lọ. Ohùn ìsàlẹ̀ tí ó wà lórí kò ti fa àwọn tí ó tẹ̀lé e wálẹ̀ díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí a bá pe ìyá, ohùn òkè tí ó wà ní ìparí rẹ̀ kì í fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa ń gùn lọ láti ìsàlẹ̀ ni. Nínú Láyọ̀, sílébù kejì máa ń yọ̀ wálẹ̀ láti òkè. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ti ṣe àlàyé gbogbo èyí, àwọn onílù sì ti mọ̀ ọ́n kí àwọn onímọ̀ tó dé. Ìyàlẹ́nu ibẹ̀ ni pé ilé ẹ̀kọ́ kì í sọ ọ́ fún ọmọ. Ọmọ á dàgbà pẹ̀lú èrò pé ohùn èdè rẹ̀ jẹ́ ibi mẹ́ta tí a lè fi ìka tẹ̀ lórí dùùrù.

Ọ̀nà tí àwọn olórin ayé ń gbà ka àlàfo kò yẹ kí ó ṣòro fún Yorùbá láti lóye. Láti do dé so, ìṣísẹ̀ mẹ́rin ni ohùn gbà gòkè, ṣùgbọ́n ohùn karùn-ún ni a ń pè é, nítorí pé a ka ibi tí a ti gbéra pọ̀ mọ́ ibi tí a dé. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ìṣirò yìí ti dàrú mọ́ lójú nínú ìwé òyìnbó, nígbà tí ó jẹ́ pé bí àwọn baba ńlá wọn ti ń ka ọjọ́ ọjà gan-an nìyẹn. Ọjà ọrọọrún ni ọjà tí a ń ná ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin. Ìtàdógún sì ni èyí tí a ń ná ní ọjọ́ mẹ́rìndínlógún síra, tí a fi mẹ́tàdínlógún pè nítorí pé a ka ọjọ́ ọjà tí ó kọjá mọ́ ọn. Olùkọ́ orin tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ọjà kò ní nílò àlàyé gígùn.

Àlàfo tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù ni ohùn kẹjọ, èyí tí ọkùnrin àti obìnrin máa ń wà nígbà tí wọ́n bá jọ ń kọ orin kan náà. Bí okùn gòjé bá ń dún, tí olórin sì tẹ̀ ẹ́ ní ìdajì gẹ́lẹ́, ohùn kẹjọ ni yóò dún, nítorí pé ìdajì okùn ń gbọ̀n ní ìlọ́po méjì. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ ní ibi tí ìdá méjì nínú mẹ́ta okùn yóò ṣẹ́kù láti dún, ohùn karùn-ún ni. Ìṣirò yìí ti pẹ́ láyé. Orúkọ Pythagoras ará Gíríkì ni wọ́n máa ń dà á pọ̀ mọ́. Ohun tí ó ṣe kókó fún ọ̀rọ̀ òní ni ibi tí ohùn karùn-ún ń gbé ènìyàn lọ. Kí ènìyàn fi ohùn karùn-ún fò láti do, so ni yóò dé. Láti so, re. Láti re, la. Láti la, mi. Fífò mẹ́rin péré, ohùn márùn-ún ti pé. Bí a bá kó wọn jọ sí ojú kan, tí a tò wọ́n láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè, do, re, mi, so, la ni a ó bá níwájú. Àtẹ̀gùn ohùn tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin Yorùbá ń gùn nìyẹn. Àwọn ará Ṣáínà ń gùn ún, àwọn ará Skọ́tílándì náà ń gùn ún nínú orin ìbílẹ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ kí á wọn àtẹ̀gùn méjèèjì. Nínú ti ohùn méje, láti do dé do tí ó wà lókè, ìṣísẹ̀ kan, kan, ààbọ̀, kan, kan, kan, ààbọ̀ ni. Nínú ti ohùn márùn-ún, ìṣísẹ̀ kan, kan, kan àti ààbọ̀, kan, kan àti ààbọ̀ ni. Kí ẹni tí ó mọ ìṣirò ro wọ́n pọ̀: mẹ́fà ni ìkíní, mẹ́fà náà ni ìkejì. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ rìn. Ibi tí wọ́n ti sinmi ni kò dọ́gba. Ẹni tí ó bá ń sọ pé orin olóhùn márùn-ún sọ fa àti ti nù dà bí ẹni tí ó sọ pé ìlù tí a kò fi irin ṣe ní àbùkù. Kò sí ohun tí ó sọ nù.

Ẹni tí ó ní dùùrù lárọ̀ọ́wọ́tó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán an wò. Eyín funfun méje àti eyín dúdú márùn-ún ni ó wà láàárín ohùn kẹjọ kan. Kí ó fi funfun sílẹ̀, kí ó wá ibi tí dúdú mẹ́ta gbé tò pọ̀, kí ó fi ìkíní inú wọn ṣe do, kí ó sì máa fi dúdú nìkan ṣeré. Kò ní pẹ́ rárá kí orin ìdárayá tí ó kọ́ ní òṣùpá tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Dùùrù fúnra rẹ̀ kì í sì í ṣe òṣùwọ̀n tí ó ti ọ̀run bọ̀. Bí a bá fi ohùn karùn-ún fò ní ìgbà méjìlá, ó yẹ kí á padà sí ibi tí a ti gbéra, ṣùgbọ́n a kì í padà síbẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó máa ń fi díẹ̀ kọjá, díẹ̀ tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin ààbọ̀ ìṣísẹ̀. Àwọn tí ń ṣe dùùrù ní Yúróòpù pín díẹ̀ yẹn mọ́ gbogbo àwọn ohùn lára, tí kò fi sí ohùn karùn-ún kan lórí dùùrù òde òní tí ó pé tán, tí ohùn kẹta rẹ̀ sì ga díẹ̀ ju bí okùn gòjé ìbá ti fún wa lọ. Ìfohùnṣọ̀kan àwọn ènìyàn ni. Ìgbọ̀n ìgbà 440 ní ìṣẹ́jú àáyá kan tí gbogbo ayé fi ń ṣe òdiwọ̀n la pàápàá, ìpàdé kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní ọdún 1939 ni wọ́n ti fẹnu kò sí i. Ní ọdún 1885, Alexander Ellis, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ìwọ̀n tí ó pín ohùn kẹjọ sí ọ̀nà 1200 wọn ohùn èlò orin oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, ó sì kéde ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù pé kò sí àtẹ̀gùn ohùn kan ṣoṣo tí ìṣẹ̀dá fi lélẹ̀ fún ọmọ aráyé. Oníkálukú ni ó gbẹ́ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti ju ogóje ọdún lọ, síbẹ̀ kò tíì dé àwọn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan.

Èyí kò wá túmọ̀ sí pé kí á sọ ohùn márùn-ún di òfin tuntun. Àwọn kan ti fi ìtara sọ pé Yorùbá kò mọ ju márùn-ún lọ, àsọdùn ni. Orin Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà dá yàtọ̀. Níbẹ̀, a máa ń gbọ́ tí ẹni kejì ń gbe orin ní ohùn kẹta sí ẹni ìkíní, tí ohùn méjèèjì yóò jọ máa gòkè, tí wọn yóò jọ máa sọ̀ kalẹ̀. Kò sí bí irú gbígbè bẹ́ẹ̀ ṣe lè tẹ́ra mọ́ra lórí ohùn márùn-ún, nítorí ẹni tí ó bá ń wá ohùn kẹta sí re, ẹnu fa ni yóò bá ara rẹ̀. Ní Ọ̀yọ́, ohùn kan náà tàbí ohùn kẹjọ ni wọ́n sábà máa ń fi jọ kọrin. Ìjálá ọdẹ, ẹ̀sà egúngún, rárà àti ẹkún ìyàwó sì tún wà ní agbede méjì ọ̀rọ̀ sísọ àti orin kíkọ, tí ó fi jẹ́ pé etí tí ó ti mọ́ wọn lára ni ó lè sọ ibi tí ohùn wọn sinmi sí. Ọrọ̀ ni gbogbo èyí jẹ́. Kò yẹ kí á fi dùùrù pa á pọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dun ènìyàn ni ti orin tí ó ń tako ohùn ẹnu. Kí a mú ọ̀rọ̀ méjì péré tí àwọn Kristẹni máa ń lò: ogún ọ̀run. Lẹ́nu, re-mí-dò-re ni. Kí ẹnì kan wá fi í sínú orin tí ohùn rẹ̀ méjì àkọ́kọ́ dọ́gba, tí méjì ìkẹyìn rẹ̀ sì ń sọ̀ kalẹ̀. Ogún di ogun, ọ̀run di ọrùn. Ìjogún àwọn mímọ́ di ìjà tí wọ́n ń jà ní ọrùn ara wọn. Lọ́nà kan náà ni ìfẹ́ fi ń di Ifẹ̀, tí ìyá sì ń di ìyà. Àwọn tí ó kọ́kọ́ túmọ̀ orin mímọ́ sí Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kì í ṣe òpè. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá tí ó gbọ́ èdè dé gongo. Ohùn orin ni wọ́n bá nílẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ wá ọ̀rọ̀ tí iye sílébù rẹ̀ bá a mu.

Kò tán síbẹ̀. Orin mímọ́ ti òyìnbó lè ní ẹsẹ márùn-ún tàbí mẹ́fà, ohùn kan náà ni yóò sì gbé gbogbo wọn. Bí a bá tilẹ̀ ṣe oríire tí ẹsẹ ìkíní bá ohùn mu, ọ̀rọ̀ ẹsẹ kejì yàtọ̀, òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ yàtọ̀, ohùn kò sì yí. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kò lè bá èdè olóhùn gbé láìjà. Àwọn baba kò wọ inú wàhálà yìí, nítorí pé lílé àti ègbè ni wọ́n fi to orin wọn. Ègbè ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, nítorí náà ó ní ohùn kan ṣoṣo, gbogbo agbo sì lè gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ń lé orin ni ó ní òmìnira láti yí ọ̀rọ̀ padà. Bí ó sì ti ń yí ọ̀rọ̀ ni ohùn ń bá a yí. Àwọn tí ń pe irú orin bẹ́ẹ̀ ní àtúnsọ lásán kò tíì ronú dé ìdí rẹ̀.

Òtítọ́ ni pé orin ìbílẹ̀ pàápàá kì í tẹ̀lé ẹnu bí òjìji. Àlàfo lè fẹ̀ tàbí kí ó há. Ohùn òkè lè fi ohùn kẹta tàbí ohùn kẹrin ga ju ti àárín lọ. Ìparí ìlà lè sọ̀ kalẹ̀ nítorí àtisinmi. Ohun tí wọn kì í fi ṣeré ni ìhà tí ohùn kọ sí. Ibi tí ẹnu bá gòkè, orin kì í sábà sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀.

Kì í ṣe òní ni àwọn ọlọ́gbọ́n ti rí ọ̀ràn yìí. Ní Abẹ́òkúta, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti (1855–1930) bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn ilẹ̀ Yorùbá kọ orin ìyìn. Ní ọdún 1922 ni ilé iṣẹ́ Zonophone gba ọ̀pọ̀ nínú wọn sínú àwo ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ní Èkó, Ẹkúndayọ̀ Phillips (1884–1969), tí ó kẹ́kọ̀ọ́ orin ní Trinity College ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, di atẹdùùrù àti ọ̀gá akọrin ní Kàtídírà Christ ní Marina láti ọdún 1914 títí di 1962. Ọkùnrin tí ó jókòó sí ìdí dùùrù òyìnbó fún ọdún méjìdínláàádọ́ta yìí gan-an ni ó kọ ìwé tí ó jáde ní ọdún 1953 lórí bí ọ̀rọ̀ àti orin Yorùbá ti so pọ̀, tí ó sì gbé àtẹ̀gùn olóhùn márùn-ún ka iwájú àwọn tí yóò bá kọ orin fún ìjọ. Fẹlá Sówándé (1905–1987), tí ó kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, fi ohùn orin Yorùbá kọ orin dùùrù tí wọ́n ń tẹ̀ ní òkè òkun. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé àwọn wọ̀nyí kò mọ ohùn méje. Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀rọ̀ wọn fi wúwo.

Àwọn kan yóò ní kí ni ariwo wà fún: ìjọ mọ ohun tí wọ́n ń kọ, àwọn àgbà sì fẹ́ràn orin tí a fi tọ́ wọn dàgbà. Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n dá a dúró. Orin tí ó ti tu ìyá nínú nígbà ọ̀fọ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi gègé pa rẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ ohun tí wọ́n ń kọ mọ̀ ọ́n nítorí pé wọ́n ti rí i nínú ìwé. Ọmọdé tí kò tíì mọ̀wé, àti àgbà tí kò ka ìwé rí, etí nìkan ni wọ́n ní. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá gbé ohùn ọ̀rọ̀ kan sókè tàbí sílẹ̀ nínú orin, ọ̀rọ̀ náà ni yóò ṣì jẹ́. Ti Yorùbá yóò di ọ̀rọ̀ mìíràn. Bí ọmọ bá sì ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ pé ohùn kò já mọ́ nǹkan nígbà tí a bá ń kọrin, kí ni yóò jẹ́ kí ó gbà pé ó já mọ́ nǹkan nígbà tí ó bá ń kọ̀wé? Àwọn olùkọ́ èdè tí ń ráhùn pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò lè fi àmì sórí ọ̀rọ̀ mọ́ lè lọ wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní yàrá kejì.

Ti àwọn onílù tún wà níbẹ̀. Ìyáàlù dùndún, tí osán yí ká, lè yọ́ láti ohùn kan bọ́ sí òmíràn bí ahọ́n ti ń ṣe é, yálà nínú ìyá tàbí nínú Láyọ̀. Gúdúgúdú tí wọ́n lẹ ìda mọ́ lójú kì í yọ́. Ó ní iṣẹ́ tirẹ̀. Nítorí pé àlàfo nìkan ni ìlù ní, tí re-mí lásán lè jẹ́ ilé, owó, igbá tàbí ọkọ́, àwọn Àyàn fi gbólóhùn gígùn tí gbogbo ayé ti mọ̀ dí àlàfo ìtumọ̀ náà. Ọgbọ́n tí a fi ọ̀pọ̀ ìran kọ́ ni. Nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti òde àríyá lónìí, gángan ń bá kííbọ́ọ̀dù ṣiṣẹ́. Ẹni tí ń tẹ kííbọ́ọ̀dù lè fi ìka kan gbé gbogbo orin sókè ní ìṣẹ́jú àáyá, onílù ni yóò sì máa sáré tẹ̀lé e. Àwọn ọ̀dọ́ onílù kan mọ bí a ti ń bá kííbọ́ọ̀dù mu lóhùn ju bí a ti ń fi ìlù ki oríkì lọ. Ẹ̀bi wọn kọ́; ibi tí owó wà ni wọ́n ń lù sí.

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe kò pọ̀, kò sì gba owó ìjọba kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ lè fi do, re, mi, so, la bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ orin, nínú orin tí àwọn ọmọ ti mọ̀, kí ó tó kan fa àti ti. Nígbà tí ó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn méjì yìí, kí ó pè wọ́n ní ohùn tí àwọn ẹlòmíràn ń lò, tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà náà sì ń lò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní fóònù lè jókòó ti bàbá onílù tàbí ìyá tí ó mọ ẹkún ìyàwó, kí ó gba ohùn wọn sílẹ̀ bí ó ti rí, láìsí kííbọ́ọ̀dù lẹ́yìn rẹ̀, kí ó sì kọ orúkọ ìlú wọn àti ọjọ́ tí ó gbà á mọ́ ọn. Èyí kánjú, nítorí pé àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ń lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ orin tuntun fún ilé ẹ̀kọ́ tàbí fún ìjọ, kí ó kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sókè fún ọmọdé kan, kí ó kọ ọ́ lórin fún òmíràn tí kò gbọ́ kíkà náà, kí ó sì bi ẹni kejì pé kí ni ó gbọ́. Àwọn tí ń tẹ ìwé orin ní tiwọn lè tẹ sol-fa sí òkè ìlà, kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, kí ọ̀gá akọrin lè rí ibi tí méjèèjì ti kọ ẹ̀yìn sí ara wọn kí ó tó di ọjọ́ Àìkú.